Bàtà Alàgbà àti Àtẹ̀gùn RV Wa

Alàgbà ìjọ wa ló wọ sílípáàsì mi lọ bá ìyàwó wọn nílé lọ́sàn-án òní. Ọwọ́ mi mọ́.

Inú RV, ilé onítáyà, lèmi àti ọkọ mi ń gbé ní Grand Prairie, nílùú òyìnbó níbí. Ọkọ mi ló sọ pé òmìnira ni. Látìgbà tí ooru ti dé, láíbìrì, ilé ìkàwé ìlú, ló ti ń jẹ òmìnira ọ̀hún, torí AC ibẹ̀ tutù.

Ọkọ mi yìí ni Alàgbà wá wò, àmọ́ kò sí nílé. Wọ́n bọ́ bàtà sórí àtẹ̀gùn irin níta kí wọ́n tó wọlé.

Mo ní, "Ẹ gbé e wọlé, sà."

Wọ́n ní, "Rárá o, mi ò lè gbé bàtà wọ ilé onílé."

Wọ́n gbàdúrà títí, pé kí Ọlọ́run fún wa ní ilé tí kò ní táyà. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, wọ́n sì fò padà wọlé. Àtẹ̀lẹ̀ bàtà ti yọ́ mọ́ irin.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ dáná sábẹ́ ilé yìí ni?"

"Oòrùn ni, sà."

Bàtà ọkọ mi kò gbà wọ́n. Sílípáàsì mi onírun, aláwọ̀ píǹkì, tó ṣí lẹ́yìn ni mo fún wọn. Gìgísẹ̀ wọn ṣì ń wọ́ nílẹ̀.

Mọ́mì, ìyàwó wọn, ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò tíì gbé e. Ọkọ mi ní kí n ṣáà sọ òótọ́. Láíbìrì ló ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Mọ́mì, ṣé ẹ máa gbà pé oòrùn ni?