Igbín Tó Ń Sọdá Títì

Ẹ sún mọ́ mi kí ẹ jókòó. Ẹni tó ní ẹ̀pà lọ́wọ́, kó máa bó o jẹ́jẹ́, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kéré. Bí ariwo bá pọ̀, yóò kọjá lára yín.

Nígbà tí owó epo gbòde, ohun ńlá ni gbogbo èèyàn ń wá. Rédíò ńlá, bàtà gogoro, bẹ́ẹ̀dì tí kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ní Ẹ̀gbẹ́dá tí mo gba yàrá kan sí, igbó ṣì wà lẹ́yìn ilé wa, katapílà sì ń la títì gba ibẹ̀ kọjá. Àkókò yẹn gan-an ni èmi àti àǹtí kan tí a jọ ń ṣe tíṣà nílé ìwé kan náà, tí a sì jọ ń gbé ilé kan náà, ń ṣe ìwé tó lè wọ àpò ẹ̀wù.

Àǹtí yìí ló ra ìwé àlòkù kan lójú títì ní Ìkòtún, tó rí ewì àwọn ará Japan nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní háíkù: ìlà mẹ́ta péré, ó ti tán. Ó ní èdè tiwa náà lè gbà á. Ìka ló fi ń ka ìró ọ̀rọ̀, á na ìka, á ká a, bí ẹni ń fa tẹ̀sùbáà. Èmi ní tèmi ń kọ ìtàn tí kò kún ojú ewé kan. Onítẹ̀wé kan ní Dọ̀pẹ̀mú bá wa tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn tó ti fi wá sẹ́yìn gbogbo kàlẹ́ńdà àti ìwé ìpè ìṣílé. Àwa fúnra wa la fi abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú dúdú rán an pọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, abẹ́rẹ́ náà sì ń gún wa níka.

Nígbà tó parí, àǹtí ní àwọn ará ilé la ó kọ́kọ́ kà á fún, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Ó wá sọ fún mi pé, "Tíṣà kékeré, bí wọn ò bá gba tèmi, mo ti fi kálámù sílẹ̀ nìyẹn. N ò ní máa kọ ohun tí àwọn èèyàn mi ò fẹ́." Mo mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.

Wọ́n pé jọ. Ìyá onílé, ọmọ bíbí Ẹ̀gbẹ́dá, jókòó sórí àpótí. Àǹtí dìde, ó kà:

Ọ̀nà tuntun dé.
Igbín kan ń sọdá rẹ̀
láti àárọ̀.

Kò tíì pa ẹnu dé tí télọ̀ tó ń gbé yàrá iwájú fi nàka sókè. "Mo mọ̀ ọ́n. Arúgbó ni."

"Irọ́ ni," ìyàwó rẹ̀ ní. "Ìjọba ni. Ṣé ẹ ò rí i pé àtàárọ̀ ló ti ń bọ̀, tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àlọ́ àpamọ̀ ni wọ́n pè é. Ta ló máa bá wọn wí? Láti kékeré wa, bí àgbà bá sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú tó sì dákẹ́, ìdáhùn ló ń retí.

"Ẹ jọ̀ọ́, igbín ni," àǹtí ní.

"Igbín tó jẹ́ igbín lásán?" Télọ̀ mirí. "Àǹtí, ọbẹ̀ nìyẹn jàre."

Mo sáré ka ìtàn tèmi láti fi gbà á sílẹ̀: ọkùnrin kan ra rédíò, gbogbo àdúgbò wá gbọ́ ọ, ìyá rẹ̀ nìkan ni kò wá, ohùn ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ gbọ́. Mo pa ìwé dé. Wọ́n ṣì ń wò mí.

"Ẹ̀n-ẹ́n?" télọ̀ ní. "Ó wá ṣe báwo?"

"Ó ti parí."

"Kò tíì bẹ̀rẹ̀ ṣá."

Àǹtí ti ń kó àwọn ìwé padà sínú apẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìyá onílé sọ̀rọ̀.

"Tíṣà, tún ti igbín yẹn sọ."

Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Ṣé ó padà sọdá?"

"N ò mọ̀, mà. Ibi tí mo ti rí i ni mo fi í sí."

Ìyá kọjú sí ìhà títì. "Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣa igbín kí katapílà tó dé. Ìyá mi náà, ibẹ̀ ló ti ṣa tiẹ̀." Ó nawọ́ sí àǹtí. "Èmi náà mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n n ò ní sọ ọ́. Fún mi ní ọ̀kan nínú ìwé yẹn."

"Ìyá, ẹ ò kúkú mọ̀wé kà," télọ̀ ní.

"Ìwọ tí o mọ̀ ọ́n kà, kí lo rí níbẹ̀? Ọbẹ̀."

Àǹtí ò fi kálámù sílẹ̀. Nínú ìwé kejì, ó fi ààyè òfìfo sábẹ́ ewì kọ̀ọ̀kan, kí oníkálukú lè kọ ìdáhùn tirẹ̀ síbẹ̀. Onítẹ̀wé ní bébà là ń fi ṣòfò. Àǹtí rẹ́rìn-ín, ó ní kó máa tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá ti lọ, àǹtí náà ti lọ. Àwọn ìwé tó kù di ti ọmọ àǹtí. Abẹ́rẹ́ ńlá kàn mí. Mo ṣì fi ń rán àpò. Igbín yẹn ni kò sẹ́ni tó lè pín in. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọmọdébìnrin kan nínú àwọn àrọ́mọdọ́mọ ìyá onílé wá kí mi. Ó ní kí n gbọ́ àlọ́ òun: ọ̀nà tuntun dé, igbín kan ń sọdá rẹ̀ láti àárọ̀.

Mo ní, "Igbín ni."

Ó wò mí, àánú mi ṣe é. "Ẹ ò mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ẹ tún un rò."