Kọ́ńsúlù Kò Bi Wá Lẹ́ẹ̀kejì

Àrùn kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà, àwọn ọmọ wa láti Èkó, Ìbàdàn àti Ìlọrin sì ń rọ́ wọ Manchester pẹ̀lú fíísà iṣẹ́ ìtọ́jú. Èmi ti di arúgbó nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Mo ti bá wọn daṣẹ́ sílẹ̀ rí, mo ti gbé pátákó dúró nínú òjò títí ọwọ́ mi fi kú, mo sì ti rí oríṣiríṣi màgòmágó ìdìbò débi pé mo rò pé kò sí èyí tó tún lè yà mí lẹ́nu. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Ẹ̀yin ọmọ òní máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní mọ́ṣáláṣí pé Alhaji Múfú kì í bèèrè àlàáfíà ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ fún yín.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan wà ní àdúgbò Wythenshawe tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Èmi ni mo ń wa bọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé àwọn arúgbó ibẹ̀ lọ rí dókítà, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ mìíràn ló gbà mí síṣẹ́, nítorí náà n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò níbẹ̀. Bísọ́lá, ọmọ Ìbàdàn bíi tèmi, wà lára àwọn tó ń tọ́jú àwọn arúgbó náà. Òun àti Àníkẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀, ni wọ́n jọ wá. Ọ̀gá fẹ́ yí ìṣètò iṣẹ́ padà kó lè dín wákàtí àwọn tó wà lórí fíísà kù. Bí wákàtí Bísọ́lá bá dín, owó iṣẹ́ rẹ̀ kò ní tó èyí tí ìjọba là sílẹ̀ fún fíísà mọ́, ìyá àtọmọ á sì di ẹrù padà sílé. Ṣùgbọ́n òfin ilé-iṣẹ́ wọn ni pé aṣojú tí àwọn òṣìṣẹ́ bá dìbò yàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Bísọ́lá jáde fún ipò náà. Súpáfáísọ̀ ibẹ̀, tó ń ṣe ti ọ̀gá, fa ọ̀rẹ́ tirẹ̀ kalẹ̀.

Ní ọjọ́ ìdìbò, súpáfáísọ̀ ní kí kálukú wá tẹ ìka sí ìwé ìdìbò lórí tábìlì òun, lójú òun. Ẹni tó bá rí ibi tí o tẹ̀ náà ló ń pín iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo rí àwọn obìnrin tó láyà bíi kìnnìún tí wọ́n ń jáde níbẹ̀ tí wọn kò lè wo ojú Bísọ́lá. Inú bí mi. A fi ẹjọ́ sùn ní olú ilé-iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ní àwọn yóò rán alákìíyèsí wá.

Alákìíyèsí dé lóòótọ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Súpáfáísọ̀ gbé tíì fún un nínú yàrá oúnjẹ, ó sì dúró tì í. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àga onítáyà tí mo fẹ́ ti jáde. Ó wo àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n pè jọ, ó bèèrè bóyá nǹkan ń lọ dáadáa, bóyá ìdìbò náà tẹ́ wọn lọ́rùn.

Gbogbo wọn wo Bàbá Làsísì. Ọmọ Ìlọrin ni Bàbá, òun ló dàgbà jù níbẹ̀, òun ló ń tún ilẹ̀kùn àti ẹ̀rọ omi ṣe. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ̀rọ̀ kí Bàbá tó sọ̀rọ̀. Ó tẹrí ba díẹ̀.

"Everything is fine, sir," ni ó wí. "We thank God."

Ẹ̀yin tí wọ́n bí níbí lè máa bú u. Ẹ má bú u. Nílé wa, àlejò tó bá bèèrè àlàáfíà, àlàáfíà là ń fi dá a lóhùn. Bí òkú bá tilẹ̀ wà nínú yàrá, "a dúpẹ́" ni onílé á kọ́kọ́ wí. Ìgbà tí àlejò bá jókòó tán, tó mu omi, tó wá tún bèèrè pé, "Ṣé kò sí o?", ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìkíni ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Gbogbo àwọn ọmọ wa tó wà nínú yàrá yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń retí ìkejì. Mo rí Bísọ́lá tó ti la ẹnu díẹ̀. Ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó mu tíì rẹ̀ tán, ó sì wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Mo bá Bàbá Làsísì níta.

"Bàbá, kí lẹ ṣe báyẹn sí? Ẹ ti kó ọmọ yìí sí wàhálà!"

"Múfú, àlejò mà ni. Ṣé kí n da ìdọ̀tí ilé lé e lórí kó tó mu tíì ni? Mo rò pé ó ṣì máa bi wá."

"Òyìnbó ni, Bàbá. Ó ti lọ kọ report nìyẹn."

Ohun tó kọ náà ni pé kò sẹ́ni tó ní ẹ̀hónú. Ọ̀rẹ́ súpáfáísọ̀ di aṣojú, ó fọwọ́ sí ìṣètò tuntun, wọ́n sì gé wákàtí Bísọ́lá. Láìpẹ́, ilé-iṣẹ́ ní àwọn kò lè ṣe onídùúró fíísà rẹ̀ mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan, a pàdé ní pálọ̀ rẹ̀. Mahin, ará Iran tó ń dáná ní ilé ìtọ́jú náà, bá wa wá. Bushehr ni ìlú rẹ̀, èbúté kan ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Páṣíà látijọ́, ó sì ń kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ìlú náà lọ́jọ́ tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ló sọ, ṣùgbọ́n ní Yorùbá ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dún lọ́kàn mi títí di òní.

"Ẹ mọ ẹni tí ọkùnrin yẹn jọ lójú mi?" ni ó wí. "Kọ́ńsúlù."

Ó ní láyé àwọn baba ńlá òun, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi kọ́ńsúlù, ìyẹn aṣojú wọn nílẹ̀ òkèèrè, sí àwọn ìlú èbúté Páṣíà. Wọn kò fi í síbẹ̀ láti ṣàkóso bí wọ́n ṣe ṣe nílẹ̀ tiwa. Wọ́n fi í síbẹ̀ kó máa wò ni. Ó ń wo gómìnà tí ọba rán wá, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń gba owó orí ẹrù, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń dá ẹjọ́, ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Omi etíkun Bushehr kò jìn, ọkọ̀ ńlá kò lè sún mọ́lẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré ló ń lọ kó ẹrù wá, baba ńlá Mahin sì wà lára wọn.

"Ta ló ń lọ kí kọ́ńsúlù?" Mahin bi wá. "Gómìnà. Àwọn oníṣòwò ńlá. Wọ́n á mu tíì, kọ́ńsúlù á bi wọ́n bí ìlú ṣe rí, wọ́n á ní ìlú tòrò. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ wá sétí omi, ẹ̀ṣọ́ gómìnà á tẹ̀ lé e. Á bi àwọn ọlọ́kọ̀ pé ṣé dáadáa ni, àwọn náà á ṣe àdúrà tí a fi ń kí ẹni ńlá fún un, pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí òjìji rẹ̀ kéré láé. Àwa náà kì í fi ìyà wa pàdé àlejò lẹ́nu ọ̀nà."

"Kí ló wá kọ?" Bísọ́lá bèèrè.

"Pé ìlú tòrò. Nígbà tí àwọn ará ọjà ti ìsọ̀ pa nítorí ìwà gómìnà, ó kọ ọ́ pé ìlú dàrú, kò sì mọ ìdí. Lónìí, bí mo bá fẹ́ mọ bí baba ńlá mi ṣe gbé ayé, ìwé kọ́ńsúlù yẹn náà ni mo máa ń lọ kà ní láíbìrì. Ọkọ̀ tó wọ èbúté wà níbẹ̀. Baba ńlá mi kò sí níbẹ̀."

Àníkẹ́ ń ya àwòrán lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran," Bàbá Làsísì ń kùn.

"Ojú rẹ̀ ríran dáadáa, Bàbá," Mahin dá a lóhùn lẹ́yìn tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. "Kò dúró gbọ́ ni."

Bàbá bojú wolẹ̀. "Èmi wá ni ọlọ́kọ̀ tó ní ìlú tòrò," ni ó wí. N kò rí i kó sunkún rí ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Òun gan-an ló wá gba pátákó, tó fi ọ̀dà kọ ọ̀rọ̀ sí i lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n bi wá lẹ́ẹ̀kejì. A kò daṣẹ́ sílẹ̀, torí àwọn arúgbó inú ilé yẹn kò ṣẹ̀ wá, ta ni ìbá sì fún wọn ní oúnjẹ? Ẹni tó bá ti ṣíwọ́ ló ń wá dúró lẹ́nu géètì. Òjò Manchester pa wá bó ṣe wù ú. Bísọ́lá ń bá wa dúró lọ́jọ́ tí kò bá lọ wá iṣẹ́ ní Stockport tàbí Wigan. Àwọn ọmọ àwọn arúgbó tó ń wá kí òbí wọn ń ka pátákó wa, wọ́n ń dúró, wọ́n ń bèèrè. A ń ṣàlàyé. Àwọn ló bẹ̀rẹ̀ sí pe olú ilé-iṣẹ́ láìsinmi, ìpè tiwọn sì wúwo ju tiwa lọ. Ẹ má tan ara yín jẹ lórí ìyẹn.

Alákìíyèsí padà wá. Ṣùgbọ́n àkókò tí ìjọba fún Bísọ́lá láti rí onídùúró mìíràn ti pé kí ó tó dé. Èmi ni mo gbé òun àti Àníkẹ́ lọ sí ẹ̀ápọ́ọ̀tù. Bísọ́lá kúnlẹ̀ kí mi lójú gbogbo ènìyàn, ó ní, "Alhaji, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí Bàbá Làsísì máa dá ara wọn lẹ́bi."

Yàrá oúnjẹ kan náà ni, tíì kan náà. Bàbá Làsísì ní kí súpáfáísọ̀ jọ̀ọ́, kó bọ́ síta. Nígbà tó jáde tán, ọkùnrin jẹ́jẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó bèèrè bóyá nǹkan ń lọ dáadáa.

"We thank God, sir," Bàbá wí. "Now ask us again."

Ọkùnrin náà wò ó. Ó gbé ife sílẹ̀, ó sì tún un bèèrè.

"The person who should answer you is in Ibadan," Bàbá dáhùn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹnìkan lẹ́yìn ẹnìkan. Tíì ọkùnrin yẹn tutù síbẹ̀.

Wọ́n tún ìdìbò náà dì, kálukú dá wà nígbà tó ń tẹ̀ka. Ẹni tí àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ ló wọlé, wọ́n sì dá ìṣètò iṣẹ́ àtijọ́ padà. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lónìí ń jẹ èrè rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì gbọ́ orúkọ Bísọ́lá rí. Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Gbogbo wa la jẹ gbèsè tiwa lójú àlejò, Bísọ́lá nìkan ló san án. Títí di òní, kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ọkùnrin yẹn kọ ní ìgbà àkọ́kọ́ náà ṣì wà níbì kan, pé kò sẹ́ni tó ní ẹ̀hónú.

Mo máa ń pè é ní Ìbàdàn lẹ́yìn Jímọ̀. Bí mo bá ní, "Bísọ́lá, ṣé dáadáa ni?", á dáhùn kíákíá pé, "A dúpẹ́, sà. Àníkẹ́ ń kí yín." Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ti pa fóònù wọn níbẹ̀. Èmi á dúró.

"Bísọ́lá," mo tún wí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, "ṣé kò sí o?"

"Ó wà, sà," ni ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀.