Eyín Tí Bàbá Kọ̀ Láti Là

Ayùn náà ti kan eyín mi. Títutù rẹ̀ dé erìgì mi, mo sì di etí àpótí tí mo jókòó lé mú títí ìka fi ń ro mí. Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, di orí mi mọ́ àyà wọn láti ẹ̀yìn.

"Má mira o. Bí o bá mira, ètè rẹ ni ayùn máa bá."

Bàbá tó ń pa èjí fún àwọn èèyàn l'Òṣogbo fi àtàǹpàkò gbé ètè mi sókè. Kànáfùrù tí wọ́n ní kí n jẹ ti mú ahọ́n mi kú, òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Kò tíì pẹ́ tí orílẹ̀-èdè wa gba òmìnira nígbà náà.

Nígbà tí mo pa eyín dà ni wàhálà dé. Eyín iwájú mi kan jáde ní fífẹ̀ bí eyín méjì, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba àárín rẹ̀ wálẹ̀. Ní Iléṣà tí à ń gbé, Eléyín-ọkọ́ ni wọ́n ń pè mí nílé-ìwé. Mo wá ń fi ọwọ́ bo ẹnu kí n tó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n eléjí ni ìyá àgbà, eléjí ni ìyá wọn pẹ̀lú, ó sì dá wọn lójú pé èjí ìdílé ló wà níbẹ̀ tó kọ̀ tí kò là. Ìdí nìyẹn tí a fi wọ lọ́rí wá sí Òṣogbo láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ayùn fà lẹ́ẹ̀kan, ó dún ṣìì. Mo kérora. Bàbá gbé ọwọ́ kúrò.

Wọ́n rẹ òwú sínú omi àmù, wọ́n fi kan apá òsì eyín náà. Ó ta mí dé apá ọ̀tún. Wọ́n yí mi sójú fèrèsé, wọ́n ń ka eyín iwájú mi jẹ́jẹ́.

"Mẹ́rin ló yẹ kó wà níwájú. Mẹ́ta ni mo kà. Ìyá, èjí kọ́ nìyí. Eyín méjì ló lẹ̀ pọ̀, ẹ̀mí kan náà ni wọ́n ń lò."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á. Wọ́n ń fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́."

"Mo ti la irú rẹ̀ rí. Ọmọ mi obìnrin ni. Àárín eyín ni ẹ̀jẹ̀ ti jáde. Lọ́jọ́ kẹta, ojú rẹ̀ wú dí."

"Ara rẹ̀ wá yá?"

Bàbá ń fi etí ẹ̀wù nu ayùn náà, wọ́n ń nù ún, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ọwọ́ ìyá àgbà tú kúrò lórí mi díẹ̀díẹ̀.

Bàbá wá kọjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o fẹ́ kí n là á?"

Ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí léèrè rí. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa ọmọ wọn, ẹ̀rù bà mí gan-an, síbẹ̀ Eléyín-ọkọ́ ló ń dún létí mi.

"Ẹ là á, sà."

"Mo gbọ́. Mi ò ní là á."

Inú bí mi. "Kí ló wá dé tí ẹ fi bi mí?"

"Kí o lè mọ̀ pé èmi ni mo kọ̀. Bí wọ́n bá tún fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, má bú ìyá rẹ àgbà, má bú ara rẹ. Èmi ni kí o máa bú. In ṣá Allāhu, wàá pẹ́ láyé kí o bú mi dáadáa."

Mo sì bú wọn. Mo bú wọn nínú lọ́rí títí a fi dé Iléṣà. Mo bú wọn ní gbogbo ọdún tí mo fi wà nílé-ìwé, àti lọ́jọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ rí ẹ̀rín mi láìfọwọ́bò.

Eyín mẹ́fà ti kúrò lẹ́nu mi báyìí. Eyín fífẹ̀ yẹn ò tíì mì. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń fi ìka kàn án tí mo bá ń rẹ́rìn-ín, mi ò sì fọwọ́ bò ó mọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí láti dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà, ṣùgbọ́n mi ò mọ orúkọ wọn. Mi ò sì bèèrè orúkọ ọmọ wọn.