Fèrèsé Tí Bàbá Mi Kàn Pa

Bí òórùn eédú oníṣùyà bá ti kàn mí nímú, ọ̀sán tí wọ́n lé ìyá bàbá mi kúrò nílé wa ní Ṣakí ni mo máa ń rántí.

Lálẹ́ àná rẹ̀, ọyẹ́ mú gan-an. Bàbá mi kan fèrèsé pa, ó sì gbé ìkòkò eédú tó pọ́n sínú yàrá fún ìyá mi àti ọmọ tuntun.

Ìyá àgbà ní, "Ṣí fèrèsé yìí díẹ̀, kí wọ́n lè mí." Bàbá mi ò ṣí i.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìyá mi àti ọmọ náà ti kú.

Bàbá mi pariwo mọ́ ìyá àgbà, "Ta ló sọ fún yín pé wọn ò ní lè mí?"

Àwọn ará àdúgbò ní, "Àjẹ́ ni!"

Nígbà tó di ọ̀sán, ìyá àgbà ká ẹní rẹ̀, ó ń lọ. Mo fẹ́ tẹ̀ lé e, wọ́n dì mí mú.

Èéfín eédú tí ojú kì í rí ló pa wọ́n. Bàbá mi ló kan fèrèsé pa. Kò sẹ́ni tó pe òun ní àjẹ́.