Àpótí Ìwé Tí Mo Lọ Kó Kúrò Lẹ́bàá Ìjàyè

Lẹ́tà tó ní kí a lọ kó àpótí ìwé kúrò ní abúlé kan lẹ́bàá Ìjàyè wà nínú àpò ẹ̀wù mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀gá mi ló fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ ọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì nígbà náà ni. Wọn kò tíì fìdí iṣẹ́ mi múlẹ̀, ara mi kò sì balẹ̀ rárá. Mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn tètè rí i pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Iṣẹ́ wa nílé ìkàwé ìjọba ni kí a máa gbé ìwé lọ bá àwọn ará oko. Ọkọ̀ kan ṣoṣo la ní, mọ́tò ìwé làwọn èèyàn ń pè é. Abúlé kọ̀ọ̀kan ní àpótí onígi kan, tí ìwé bí ogójì wà nínú rẹ̀, lọ́wọ́ ẹnì kan tó mọ̀wé. Bí oṣù bá parí, a ó padà lọ, a ó sì fi òmíràn pààrọ̀ èyí tí wọ́n bá ti kà tán. Káàdì kan máa ń wà lẹ́yìn ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá yá a á kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí káàdì kò bá sọ fún wa, a kì í mọ̀ ọ́n.

Èmi ni mo ń to àpótí. Abúlé àgbẹ̀, ìwé àgbẹ̀: bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Mo kó ìwé nípa ẹ̀gẹ́, iṣu, àgbàdo, adìẹ àti kòkòrò inú ewébẹ̀ sínú rẹ̀. Mo fi ìtàn àròsọ méjì péré sí i, bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Àyè díẹ̀ ṣẹ́ kù, mo bá ti ìwé kan nípa ara èèyàn àti àìsàn rẹ̀ bọ ibẹ̀. Mo wá tẹ òfin kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí: ìwé kan fún ẹnì kan; ẹni tó bá yá ìwé kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi yẹ káàdì wọn wò. Kò sí orúkọ lórí ti ìwé ẹ̀gẹ́, kò sí lórí ti adìẹ. Ọ̀kan nínú ìtàn àròsọ méjèèjì nìkan ló ní orúkọ, orúkọ kan náà ló sì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: Ìyá Dèbórà. Obìnrin yìí ló ń tọ́jú àpótí náà, nínú yàrá kékeré lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn. Mo bá kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ mi pé òǹkàwé kan ṣoṣo ló wà lábúlé náà, kí a gbé àpótí wọn lọ sí Lágelú, níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀ wá fún un.

Làmídì, awakọ̀ wa, gbé mi dé abúlé náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. A kò bá Ìyá Dèbórà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ó wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Mo gba ibẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, wọ́n ń bẹ ẹ́. Bàbá Ọláníyan, àgbàlagbà tó ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, kò tan án. Ìyá Dèbórà nìkan ni kò mú ọ̀bẹ dání. Ó jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ń ka ìwé sókè fún wọn.

Bó ṣe rí mi, ó pa ìwé dé, ó sì tì í sábẹ́ èèpo ẹ̀gẹ́.

“Ìyá Dèbórà, ẹ káàárọ̀ mà. Kí lẹ fi pamọ́ yẹn?”

“Ìwé ni, ọ̀gá. Ẹ má bínú. Kò kúrò lọ́wọ́ mi rárá. Ẹ ní a ò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn, mi ò sì gbé e fún ẹnikẹ́ni.”

“Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?”

“Wọ́n ń gbọ́ ni. Òfin yín ò sọ̀rọ̀ etí.”

Àwọn obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Ọláníyan ní, “Ọ̀gá Oníwèé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó parí ibi tó kà dé. Mi ò lè tan ẹ̀rọ mi látàárọ̀. Bí mo bá tan án báyìí, wọ́n á ní mi ò jẹ́ káwọn gbọ́.”

Ibẹ̀ ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá ń kàwé kì í bẹ ẹ̀gẹ́. Àwọn yòókù ni wọ́n máa ń bá a bẹ tirẹ̀. Ìgbà kẹta nìyẹn tí wọ́n ń ka ìtàn náà, nítorí wọn kò tíì jiyàn rẹ̀ tán. Mo sáré padà sídìí àpótí kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n ti ka òmíràn bẹ́ẹ̀, mo gbé ìwé ara èèyàn jáde. Níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ aboyún tí ẹsẹ̀ ń wú, àmì ìka funfun pọ̀ níbẹ̀, omi ẹ̀gẹ́ ló gbẹ mọ́ ọn. Mo gbé e padà wá.

“Kò sí orúkọ lórí káàdì èyí.”

“Ìwé kan fún ẹnì kan lẹ kọ,” ni Ìyá Dèbórà wí. “Orúkọ mi ti wà lórí ìyẹn.”

“Àwọn ìwé ẹ̀gẹ́ ńkọ́?”

Bàbá Ọláníyan wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ṣìnà. “Ẹ̀gẹ́ là ń bẹ látàárọ̀. Ẹ tún fẹ́ ká máa kà á?”

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n wá ń fẹ́. Gbogbo wọn sọ̀rọ̀ pọ̀. Ọ̀kan fẹ́ mọ ohun tó ń gbé ọkọ̀ òfuurufú dúró lókè. Òmíràn ń fẹ́ ìtàn tí ìyàwó kékeré kò ti ní jẹ́ òṣìkà fún ẹ̀ẹ̀kan. Bàbá ní ká wá ìwé ogun tó tú Ìjàyè àtijọ́ ká fóun, kóun lè mọ ibi tí wọ́n ti purọ́ fóun. Ìyá Dèbórà ní ìwé nípa òkun lòun ń fẹ́; òun kò tíì rí òkun rí. Ẹ̀yìn lẹ́tà tó wà lápò mi ni mo kọ gbogbo rẹ̀ sí.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, Alákíà ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ìwé mẹ́ta mẹ́rin ló máa ń ṣí sílẹ̀ káàkiri ilé mi, ìtàn àròsọ lórí àga, ìwé ìràwọ̀ lẹ́bàá ibùsùn. N kì í lè jókòó ti ẹyọ kan. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin yẹn ni mo ti kó o.

Lọ́jọ́ náà, Làmídì bi mí pé ṣé kóun gbé àpótí. Mo ní kó fi í sílẹ̀.

Ọ̀gá mi ka ìjábọ̀ tuntun mi, ó wò mí láti inú awò ojú rẹ̀. “Èwo nínú méjèèjì ni kí n gbà gbọ́?”

“Èkejì, sà. N kò kọjá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó kọ èkíní.”

“Èmi fúnra mi á lọ. Bí n kò bá rí ohun tí o wí, àpótí ń lọ sí Lágelú, ìwọ náà á sì wáṣẹ́ mìíràn.”

Mo ránṣẹ́ sí wọn pé ọ̀gá ń bọ̀. Àṣìṣe mi kejì nìyẹn. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀gẹ́ pamọ́, wọ́n ti gbálẹ̀, wọ́n wọ aṣọ ìsìn, wọ́n jókòó lórí bẹ́ńṣì bí ẹni ń dúró de wòlíì. Ìyá Dèbórà ṣí ìwé, ohùn rẹ̀ kò jáde. Ó wúkọ́. Kò sí nǹkan kan. Ọ̀gá mi wo èmi, mo wo ilẹ̀.

Ó gba ìwé lọ́wọ́ obìnrin náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fúnra rẹ̀, kíákíá, bí ẹni tó fẹ́ máa lọ.

“Ẹ ti fo ibì kan, sà,” obìnrin mẹ́ta sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ibo?”

“Ó kọ́kọ́ yọ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ná,” ni Ìyá Dèbórà wí, ohùn rẹ̀ ti padà, “kó tó wọlé bá ìyá ọkọ rẹ̀. Bí ẹ bá fo bàtà yẹn, ìjà tó kàn ò ní yé wa.”

Ọ̀gá mi wo ìwé. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó wá ibi jókòó, ó kà á dé òpin orí náà, ó sì ní kí n lọ ya òfin yẹn kúrò lára àpótí.

Nígbà tí a ń padà lọ, a dé Mọ́níyà. Ó wá yíjú sí mi.

“Obìnrin inú ìtàn yẹn, ṣé ó padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ìjà náà?”

“N kò tíì kà á, sà.”

“Ìwọ tí o tò ó sínú àpótí?”



“Kò padà, sà,” ni Làmídì wí, ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́nà. “Ẹ̀yìn ẹ̀rọ gàrí ni mo máa ń dúró sí, tí ọ̀gá kékeré bá ń ka káàdì lọ́wọ́.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?” ni mo bi í.

“Ẹ ò bi mí.”

Ọ̀gá mi ní kó sọ ìtàn náà fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a dé ọgbà ilé ìkàwé, Làmídì pa iná mọ́tò, ṣùgbọ́n ìtàn kò tíì tán, kò sì sẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú wa.