Ọjọ́ Tí Bàbá Gé Iṣẹ́ Ọwọ́ Ara Rẹ̀

Kó, kó, kó. Bàbá dùbúlẹ̀ sórí páálí lábẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ó ń fi egungun ìka kan ikùn ọkọ̀ náà, ó sì ń gbọ́ bó ṣe ń dáhùn. Èmi náà wà lábẹ́ ibẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi. Níbi tó bá ti dún bí agolo òfìfo, Bàbá á kọjá. Níbi tí ìró rẹ̀ bá ti kúrú, tó le, á ní, "Egungun rẹ̀ rèé. Ìyá mi, fàmì sí i." Èmi á sì fa ìlà funfun síbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún mi pé kì í ṣe èmi ni igbá kejì ajórin tó mọṣẹ́ jù ní gbogbo Ṣàngó Ọ̀tà.

Bàbá ló bí ìyá mi. Torí pé lẹ́yìn ikú ìyá tirẹ̀ ni wọ́n bí mi, "Ìyá mi" ló ń pè mí, kódà nígbà tó bá ń bá mi wí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìtèlé, láàárín àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù àti ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe bisikíìtì. Láàárọ̀, òórùn bisikíìtì ló máa ń kọ́kọ́ dé, á máa ta sánsán, títí Bàbá á fi tan ẹ̀rọ tó fi ń jó irin, tí òórùn irin jíjó á sì borí rẹ̀. Ariwo mọ́tò láti Tóògéètì kì í dákẹ́, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ wa lára débi pé a kì í gbọ́ ọ mọ́.

Ó ga, ó gbẹ, ojú rẹ̀ sì máa ń pọ́n díẹ̀ nítorí iná. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ fún gbogbo oníbàárà tó bá wá gbé iṣẹ́: "Iṣẹ́ ọwọ́ mi kì í padà wá." Òótọ́ ni. Gbogbo ìsinmi ilé ìwé ni mo fi ń wà níbẹ̀, n kò sì rí géètì kan tàbí ilẹ̀kùn kan tí wọ́n gbé padà wá fún un rí. Tó bá ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn, èmi ni orí mi máa ń wú, bí ẹni pé èmi ni mo jó àwọn irin náà.

Ìyá nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ọkọ̀ tí mò ń wí yìí. Ó wá láti ìlú kan létí ọ̀sà, níbi tí aboyún tó ń rọbí ti gbọ́dọ̀ gba orí omi kó tó dé ilé ìwòsàn. Ó ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan, ó sì ra tírélà tí mọ́tò yóò máa fi fà á láti etí omi kan dé òmíràn. Kì í ṣe tírélà ńlá tó ń kó sìmẹ́ńtì o. Irin gbọọrọ kan ni, tó ní táyà méjì. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni wọ́n ṣe tírélà yẹn fún, bẹ́ẹ̀ ikùn ọkọ̀ ti ìyá nọ́ọ̀sì ṣe ṣóńṣó.

"Bàbá, wọ́n ní tí mo bá gbé e lé e báyìí, ikùn rẹ̀ á là," ìyá náà sọ.

Bàbá yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀mẹta. "Kò ní là. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, Ìyá Nọ́ọ̀sì."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ó tú àwọn pákó orí tírélà, ó tún wọn tò, kí wọ́n lè bọ́ sábẹ́ egungun ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlà ṣọ́ọ̀kì mi ṣe wí. Ó fi kápẹ́ẹ̀tì pupa wé pákó náà kó má baà ha ọkọ̀ lára. Ó jó òpó kúkúrú kan síwájú, níbi tí imú ọkọ̀ yóò máa sinmi lé. Táyà ló ṣe kẹ́yìn, òun náà ló sì gba sùúrù jù. Irin tó so táyà méjèèjì pọ̀ ṣeé tì síwájú tàbí sẹ́yìn. Tó bá sún síwájú jù, imú tírélà á fúyẹ́, ìdí rẹ̀ á máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú títì, ó sì lè fa mọ́tò tó ń fà á wọ igbó. Tó bá sún sẹ́yìn jù, imú á wúwo, á tẹ ìdí mọ́tò mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ lé tírélà, ṣùgbọ́n Bàbá kò ní òṣùwọ̀n kankan. Ó yá àpò sìmẹ́ńtì kan lọ́wọ́ àwọn oníbúlọ́ọ̀kù. Á gbé imú tírélà, á sọ ọ́ kalẹ̀, á gbé àpò sìmẹ́ńtì, á sọ ọ́ kalẹ̀, á tún ti irin táyà díẹ̀. Nígbà tí ìwúwo méjèèjì di ọ̀kan náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi sípánà fún bóòtù rẹ̀ le, ó sì jó irin kéékèèké tì í níwájú àti lẹ́yìn, kó má baà yẹ̀ láéláé.

Òwúrọ̀ Sátidé ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ. Dírẹ́bà ìyá nọ́ọ̀sì gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà dé láti Èkó, àwọn oníbúlọ́ọ̀kù bá a gbé e, wọ́n sì fi bóòtù dè é mọ́ ìdí ọkọ̀. Ó rẹwà lójú mi: ẹ́ńjìnnì dúdú, ọkọ̀ funfun, kápẹ́ẹ̀tì pupa. Ìyá nọ́ọ̀sì gbàdúrà, a ṣe àmín. Ó ní àwọn èèyàn òun ti ń dúró létí omi láti ìdájí. Bàbá fi àkísà nu ọwọ́, ó sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó máa ń sọ.

Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan nítòsí imú tírélà, tí wọn kò tíì so mọ́ mọ́tò tó ti ń dún, mò ń jẹ àkàrà. Dírẹ́bà gun ẹ̀yìn ọkọ̀ láti fún bóòtù kan le sí i. Bó ṣe tẹ ìdí ọkọ̀ báyìí, mo rí i tí ẹsẹ̀ irin tó gbé imú tírélà dúró gbéra nílẹ̀. Kò ju ìbú ìka kan lọ. Bí dírẹ́bà ṣe sọ̀kalẹ̀ ló padà balẹ̀. Mo wo ojú gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó rí i.

Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí, Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi: imú ti fúyẹ́. Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ kékeré ṣe máa dìde láàárín àgbà kó ní bàbá òun ṣàṣìṣe, níwájú oníbàárà, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbàdúrà tán? Ẹ̀rù bà mí pé màá dójú tì í. Mo rò pé kí n kúkú dákẹ́. Mo tún rò ó bí ìdí ọkọ̀ yẹn ṣe máa jù lójú títì, láàárín gbogbo àwọn mọ́tò tó ń sáré yẹn. Ni mo bá dìde, mo fa etí aṣọ Bàbá.

Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí mi. Kò ní kí n lọ jókòó. Ọkùnrin gíga yẹn bẹ̀rẹ̀, ó gbé etí rẹ̀ wá sí ẹnu mi, mo sì sọ ọ́ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ó lọ síbi imú tírélà, ó sì fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé e. Ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e, bí ẹni tí kò fẹ́ gba ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń sọ fún un gbọ́.

"Pa mọ́tò yẹn," ó sọ fún dírẹ́bà. "Kò tíì lè lọ."

"Kí ló dé, Bàbá?" ìyá nọ́ọ̀sì béèrè.

"Èmi ni mo ṣì í ṣe. Mo wọn ọkọ̀ láìsí ẹ́ńjìnnì nídìí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ti wá tẹ ẹ̀yìn, iwájú ti fúyẹ́."

Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, no wahala. Ẹ jẹ́ ká ju àpò iyanrìn méjì síwájú, ká máa lọ jàre."

"Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbàgbé iyanrìn ńkọ́?"

Ìyá nọ́ọ̀sì wo Bàbá, ó wo tírélà. "Ta ló wá rí i?"

Mo ti sá sẹ́yìn Bàbá. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó sọ pé òun fúnra òun ni. Ó fà mí jáde, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. "Ọmọ mi yìí ni. Èmi tí mo ṣe é kò rí i."

Lẹ́yìn náà ló gbé ẹ̀rọ tó fi ń gé irin. Ó gé àwọn irin kéékèèké tó jó pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, iná ń ta pàrà sílẹ̀, àwọn ajórin òdìkejì títì sì jáde wá wòran. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá iṣẹ́-mi-kì-í-padà." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Omi lé ròrò sójú mi. Bàbá kò wo ọ̀dọ̀ wọn. "Ìyá mi," ó ní, "gbé sípánà wá."

Ó ti irin táyà sẹ́yìn, sí ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ó gbé imú, ó gbé sìmẹ́ńtì, ó tún tì í. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó pe dírẹ́bà kó wá gbé méjèèjì wò. Dírẹ́bà gbé wọn, ó mí hẹlẹ, ó ní ọ̀kan náà ni. Bàbá ní kó gun ẹ̀yìn ọkọ̀, kó fò níbẹ̀. Ó fò. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, mo fi ojú mi sún mọ́ ẹsẹ̀ irin yẹn. Kò gbéra. Mo gbé àtàǹpàkò mi sókè, Bàbá sì tan iná, ó jó o padà.

Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó lọ. Tírélà náà tẹ̀ lé mọ́tò jẹ́jẹ́, ìdí rẹ̀ kò jù. Bàbá dúró sójú títì títí a kò fi rí ọkọ̀ funfun náà mọ́. Ní Mọ́ńdè, oníbàárà kan wá gbé géètì, mo sì ń retí pé kò ní sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó sọ ọ́. Ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ mi kì í padà wá. Tó bá fẹ́ padà wá, ọmọ mi yìí kì í jẹ́ kó lọ."

Bàbá ti lọ sinmi tipẹ́. Ọ̀tà yìí náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń rọ oògùn ọmọdé sínú ìgò, èmi ni mo sì ń fọwọ́ sí i kí ẹrù tó jáde. Gíga Bàbá ni mo jogún, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ kò ju èjìká mi lọ. Ní oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin tó ń gbálẹ̀ fà mí láṣọ nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ti fẹ́ gbéra. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé etí sí ẹnu rẹ̀. Ó ní ìdérí àwọn ìgò kan ń jò. Mo ti fọwọ́ sí wọn. Mo ní kí wọ́n já gbogbo ẹrù sílẹ̀, inú ọ̀gá kò sì dùn rárá. Ó béèrè ẹni tó rí i. Ọmọbìnrin náà ti sá sẹ́yìn mi. Mo fà á jáde, mo gbé ọwọ́ lé e léjìká.