Ẹ Yọ Méje Kúrò Nínú Ọgọ́rùn-ún

Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní Tamale, ní ilẹ̀ Ghana, ẹnu mi kì í sì í dákẹ́ lórí nọ́ńbà odidi. Mo lè fi odindi wákàtí kan ṣàlàyé pé bí a bá ro méjì pọ̀ mọ́ márùn-ún, ibi yòówù kí a ti bẹ̀rẹ̀, ìdáhùn kan náà ni. Ṣùgbọ́n ìyọkúrò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yọ márùn-ún kúrò nínú méjì, o ti rẹ̀yìn kọjá òdo nìyẹn. Èdè òyìnbó ni mo fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ní Yorùbá, bí mo bá ti kà á dé ogún, ó parí.

Ti Baba mi yàtọ̀. Ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ló ń tà ní ọjà Aboabo. Háúsá ló fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, Yorùbá ló fi ń ka nọ́ọ̀tì onírin tí wọ́n fi ń de kẹ̀kẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ibà dá a dùbúlẹ̀, ọjọ́ méjì gbáko ló fi ń ṣe ìrànrán, tó ń pè mí ní ìyá rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ rọlẹ̀ ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá iyè rẹ̀ ti padà. Kí ó yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó tún yọ méje nínú ìyókù, kí ó máa bá a lọ, ní èdè tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí ó bá gbà á, ilé yá. Bí kò bá gbà á, wọ́n á gbé e lọ ya àwòrán orí.

“Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún,” ni Baba wí.

Nọ́ọ̀sì, tí kò gbọ́ Yorùbá, wojú mi. Mo mi orí pé ó gbà á.

“Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Mọ́kàndínlọ́gọ́rin.”

Mo ti ṣe ìṣirò náà lọ́kàn mi lédè òyìnbó, ìdáhùn wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ṣé òun ni Baba ń pè? Èmi ò mọ̀. Mo kàn fẹ́ mú baba mi lọ sílé ni, mo sì ń mi orí bí alángbá.

“Méjìléláàádọ́rin. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta.”

“Ó gba gbogbo ẹ̀,” mo sọ fún nọ́ọ̀sì.

Baba dìde jókòó. Ó fi Háúsá sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣi èyí tó kẹ́yìn ni, ó fi Háúsá ka gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe yẹ, ó wá kọjú sí mi.

“To, tíṣà. Márùndínláàádọ́rin ló yẹ kí n pè. Mo fẹ́ mọ ẹni tí orí ẹ̀ dàrú láàárín èmi àti ìwọ ni.”

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di bẹ́ẹ̀dì mú, ó sì fọwọ́ sí i pé kí á máa lọ sílé. Ojú tì mí, inú mi sì dùn, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Nígbà tí a ń lọ sílé ní Sabonjida, Baba fọwọ́ kàn mí lórúnkún.

“Mo mọ̀ pé o fẹ́ gbé mi délé ni,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ká ní orí mi dàrú lóòótọ́, ta ni ì bá mọ̀?”

Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, mo máa ń jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù, a ó da nọ́ọ̀tì sílẹ̀, a ó sì máa fi Yorùbá kà á kọjá ogún.